Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta nínú Ìwé Àdéhùn Medicine Creek

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìwé, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìtàn àròsọ, ewì, tàbí eré orí ìtàgé. A kì í ronú kan ìwé àdéhùn tí ìjọba àti àwọn onílẹ̀ fi ọwọ́ sí. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ aláyẹ̀wò bá jẹ́ láti wo ọ̀rọ̀ fínnífínní, kí ó sì bèèrè ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn àti ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ gbà á sí, kò sí ìwé tí ó yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ju ìwé àdéhùn lọ. Bí a bá ṣi ewì kà, adùn ewì náà ni a pàdánù. Bí a bá ṣi ìwé àdéhùn kà, oúnjẹ lè ti ibẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn.

Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí Isaac Stevens, gómìnà àkọ́kọ́ ní agbègbè Washington ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àti àwọn ìjòyè Nisqually, Puyallup, Squaxin àti àwọn ẹ̀yà mìíràn fi ọwọ́ sí ní etí odò kékeré kan tí à ń pè ní Medicine Creek, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 1854. Ìwé náà kò gùn rárá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ẹ̀ka rẹ̀ kẹta ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n, ó ti mú kí àwọn ọlọ́pàá da tajútajú bo àgọ́ àwọn apẹja, ó sì ti gbé ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà. Èrò mi ni pé inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni gbòǹgbò ìjà náà wà, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹ̀bi àti àre níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ka ìwé náà bí ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ kà á bí ẹni tí a kà á sí létí.

Kí a tó dé orí àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn onílẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 2,240,000. Ohun tí ìjọba ṣèlérí láti san fún wọn ni dọ́là 32,500, èyí tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀ fún 20 ọdún. A ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún wọn láti máa gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí éékà 1,280. Ẹni tí ó bá wo ìṣirò yìí lè rò pé àwọn ìjòyè náà ta gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò ti inú oko wá. Ẹja sámọ́nì ni oúnjẹ wọn, òun ni ọjà wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ àjọ̀dún wọn dá lé. Inú odò ni a ti ń bí ẹja yìí. Yóò lọ sínú òkun, yóò lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, lẹ́yìn náà yóò padà wá sí odò tí a ti bí i láti yé ẹyin rẹ̀ kí ó tó kú. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ẹja náà ń gbà padà ti rí oúnjẹ ọdún. Nítorí náà, bí a bá gba ilẹ̀ tí a sì fi ẹja sílẹ̀, a kò tí ì gba ẹ̀mí. Ohun tí àwọn ìjòyè náà rò nìyẹn. Stevens pàápàá fẹ́ kí wọ́n máa pa ẹja lọ, kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni èdè tí wọ́n fi ṣe ìpàdé náà. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ìjòyè náà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba kò sì fi èdè àwọn ìjòyè náà bá wọn sọ̀rọ̀. Èdè ọjà kan tí à ń pè ní Chinook Jargon ni ògbufọ̀ Benjamin Shaw fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, èdè àdàlù tí àwọn oníṣòwò fi ń ra awọ ẹran tí wọ́n sì fi ń ná ọjà. Adájọ́ tí ó wá yẹ ọ̀ràn náà wò lẹ́yìn 120 ọdún sọ pé èdè náà kò ní ju nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ lọ, àti pé àwọn kan nínú àwọn ìjòyè náà kò gbọ́ òun pàápàá. Ó dùn mọ́ni láti mọ̀ pé George Gibbs, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Stevens ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìwé àdéhùn wọ̀nyí, ni ó tẹ ìwé atúmọ̀ fún èdè ọjà yìí jáde ní ọdún 1863. Ìwé atúmọ̀ náà tín-ín-rín. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èdè tí a fi ń ná ẹja àti awọ lè sọ pé “ẹ ó máa pa ẹja.” Kò lè sọ gbogbo ohun tí àwọn agbẹjọ́rò yóò fà yọ láti inú gbólóhùn náà.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni èyí tí ó sọ bí ẹ̀tọ́ ẹja pípa ṣe di ti àwọn onílẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé ìjọba fi ẹ̀tọ́ náà fún wọn. Ohun tí ó sọ ni pé a dá ẹ̀tọ́ náà dúró fún wọn, a sì fi múlẹ̀, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pa ẹja tẹ́lẹ̀ tí ó sì ti mọ́ wọn lára. Ìyàtọ̀ láàárín “fi fún” àti “fi múlẹ̀ fún” kò kéré. Ohun tí a fi fún mi, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti wá, ẹni náà sì lè sọ pé òun fẹ́ gbà á padà. Ohun tí a fi múlẹ̀ fún mi, tèmi ni tẹ́lẹ̀; ohun tí ẹlòmíràn ṣe níbẹ̀ kò ju pé ó ṣèlérí pé òun kò ní fi ọwọ́ kàn án. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ rí ìyàtọ̀ yìí ní ọdún 1905, nínú ẹjọ́ Winans, èyí tí ó dá lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé àdéhùn àwọn Yakama. Àwọn kan ti ra ilẹ̀ etí odò Columbia, wọ́n gbé ẹ̀rọ onírìn-àyípo tí ń kó ẹja síbẹ̀, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn Yakama. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé àdéhùn kì í ṣe ìwé tí a fi bùn àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Àwọn onílẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ tí ó jẹ́ tiwọn fún ìjọba, ohun tí wọn kò fi fún un sì wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Ní èrò tèmi, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ yìí mú kò lè ka ìyókù ìwé náà ní àkàyé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó fa ìjà jùlọ. Ìwé náà sọ pé àwọn onílẹ̀ yóò ní ẹ̀tọ́ náà ní àjọni pẹ̀lú gbogbo ọmọ ìlú tí ó wà ní agbègbè náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Washington ka ọ̀rọ̀ yìí sí “bí gbogbo ọmọ ìlú.” Wọ́n ní òfin kan náà ni ó de gbogbo ènìyàn: ìwé àṣẹ kan náà, àsìkò kan náà, irú àwọ̀n kan náà. Létí ẹni tí kò bá wádìí, ọ̀rọ̀ yìí dùn, ó sì dà bí ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí lójú omi. Òfin gba àwọn ọkọ̀ ńláńlá láàyè láti pa sámọ́nì lójú agbami kí ẹja náà tó dé ẹnu odò. Òfin kan náà ni ó ka àwọ̀n léèwọ̀ nínú odò, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń dúró de ẹja láti ayé bàbáńlá wọn. Ẹni tí ó wà lókè ti bu ọbẹ̀ tán kí àwo tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, a sì ní àwọn méjèèjì jọ jẹun. Kí ẹjọ́ tó parí, ohun tí àwọn onílẹ̀ ń rí kò tó 5 nínú 100 ẹja tí a ń pa.

Àwọn tí kò gba ìtumọ̀ ìjọba yìí kò jiyàn lórí tákàdá nìkan. Wọ́n wọ inú odò lọ. Billy Frank Kékeré, ọmọ Nisqually, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí a kọ́kọ́ mú un ní ọdún 1945 nítorí pé ó pa ẹja nínú odò àwọn baba rẹ̀. Kí ó tó kúrò láyé ní ọdún 2014, a ti mú un ju ìgbà 50 lọ. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn onílẹ̀ ń ju àwọ̀n wọn sínú odò ní gbangba kí a lè mú wọn, kí ayé sì rí i. Òṣèré Marlon Brando lọ bá wọn pa ẹja lórí odò Puyallup ní ọdún 1964, a sì mú òun náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, àwọn ọlọ́pàá ya wọ àgọ́ wọn ní etí odò Puyallup pẹ̀lú tajútajú àti kùmọ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ Washington lẹ́jọ́ nítorí ìwé àdéhùn náà.

George Boldt ni adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó dá a ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1974. Ó sọ pé àjọni túmọ̀ sí pé kí apá méjèèjì pín in ní ìdọ́gba, àti pé ìdajì ẹja tí a lè pa láìba ìran ẹja jẹ́ ni ó tọ́ sí àwọn onílẹ̀. Inú bí àwọn apẹja aláwọ̀ funfun gidigidi. Wọ́n ṣe ère adájọ́ náà, wọ́n sì so ó rọ̀. Àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ kò fẹ́ tẹ̀lé ìdájọ́ náà, títí ilé-ẹjọ́ fi gba àkóso ẹja pípa sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1979, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ọwọ́ sí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ohun tí Boldt sọ. Ṣùgbọ́n ó fi ààlà kan sí i: ìdajì ni òpin ohun tí àwọn onílẹ̀ lè gbà, a sì lè dín in kù bí ohun tí ó kéré sí i bá tó wọn láti gbé ìgbé ayé ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Nínú èdè tiwa, “àjọ” kì í ṣe “bí.” Bí mo bá sọ pé èmi àti àbúrò mi jọ ni igi obì kan, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí lè ká gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn àgbà sì ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní. Òwe yìí kò lè jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tí àwọn Nisqually gbọ́ ní ọdún 1854, nítorí òwe wa kọ́ ni òwe wọn. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ìtumọ̀ tí Boldt rí kì í ṣe ìtumọ̀ àjèjì tí adájọ́ kan hùmọ̀. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti ń jọ ní nǹkan, ìpín wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, mo ní àríwísí kan nípa ọ̀nà tí adájọ́ náà gbà dé ibi tí ó dé. Nígbà tí ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ àjọni, ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí ó gbára lé. Báwo ni ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè sọ ohun tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà gbọ́? Láti ọdún 1899 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Jones àti Meehan pé a gbọ́dọ̀ ka irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ bí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ti gbọ́ ọ, kì í ṣe bí amòfin ti ń tú ọ̀rọ̀. Ohun tí ó gba ìdájọ́ náà là, lójú tèmi, ni pé Boldt kò dúró lórí ìwé atúmọ̀ nìkan. Ó gbọ́ ẹ̀rí àwọn àgbà ẹ̀yà náà, ó sì gba ìwádìí Barbara Lane, onímọ̀ nípa ìran ènìyàn, ẹni tí ó ṣàlàyé bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń pa ẹja àti ibi tí wọ́n ti ń pa á ní ìgbà tí a kọ àdéhùn náà. Ẹ̀rí wọ̀nyí ni ó ru ìdájọ́ náà dúró. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, tí ó ku ìwé atúmọ̀ nìkan, ìdajì náà yóò dà bí ìṣirò lásán.

A sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ti apá kejì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Púpọ̀ nínú àwọn apẹja tí inú ń bí kì í ṣe ọmọ Stevens. Wọ́n ra ọkọ̀ wọn lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì rò pé ohun tí ìjọba tà fún wọn jẹ́ ohun tí ìjọba ní. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bínú sí ni ìjọba tí ó ta ìpín onípín fún wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ẹni tí ó wá bèèrè ìpín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni àwọn òǹkàwé kì í sábà kíyè sí. Nígbà tí ìwé náà ń sọ nípa ẹja, “ẹ̀tọ́” ni ó lò. Nígbà tí ó dé orí ọdẹ ṣíṣe, gbòǹgbò wíwà, èso ṣíṣà àti ẹṣin dída, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “àǹfààní” ni ó lò, ó sì fi kún un pé orí ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbà ni. Ṣé ògbufọ̀ rí ọ̀nà láti fi èdè ọjà sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tọ́ àti àǹfààní? Kò dájú lójú mi rárá. Bí kò bá sì sọ ọ́, orí tákàdá nìkan ni ìyàtọ̀ náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni “ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbà” jẹ́ ààlà tí ń sún, nítorí bí àwọn àlejò ti ń gba ilẹ̀ sí i ni igbó ọdẹ ń dínkù, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí lẹ́tà kan padà nínú ìwé náà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí wà nínú àdéhùn àwọn Crow ti ọdún 1868, tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ ọdẹ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ìpínlẹ̀ Wyoming sọ pé ẹ̀tọ́ náà ti kú láti ìgbà tí òun ti di ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Herrera, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́; ìlérí kì í kú nítorí pé ẹni tí a ṣe é lójú rẹ̀ gba orúkọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kò kọ sínú ìwé náà rárá, òun sì ni ẹja fúnra rẹ̀. Ìdajì òfo, òfo ni. Ìpínlẹ̀ Washington la títì kọjá lórí ọ̀pọ̀ odò kéékèèké, ó sì fi páìpù gba omi kọjá lábẹ́ wọn lọ́nà tí sámọ́nì kò fi lè gòkè lọ yé ẹyin. Àwọn onílẹ̀ bèèrè pé: ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣèlérí ẹja lè dí ọ̀nà ẹja? Ilé-ẹjọ́ dá wọn láre ní ọdún 2007. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 2018, àwọn adájọ́ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí náà ìdájọ́ ti ìsàlẹ̀ dúró, ìpínlẹ̀ sì ní láti tún àwọn ibẹ̀ ṣe. Mo ka èyí sí àkàyé tí ó jinlẹ̀ jùlọ nínú gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ìwé náà, nítorí pé ó wo ìdí tí a fi sọ ọ̀rọ̀, kò dúró lórí ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni èyí kan ẹgbẹ́ tí ń kọ́ nípa èdè Yorùbá. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lórí ọ̀sà. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé náà pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1921 ìgbìmọ̀ náà, láti ẹnu Haldane, sọ pé ìyípadà ìjọba nìkan kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Nígbà tí Haldane ń ṣàlàyé irú ẹ̀tọ́ tí ará Èkó ní lórí ilẹ̀ wọn, ó tọ́ka sí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ ní Kánádà. Ní ọdún 1973, nígbà tí àwọn Nisga'a ti Kánádà gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tiwọn, Adájọ́ Hall náà tọ́ka sí ẹjọ́ Amodu Tijani. Ọ̀rọ̀ tí ó ti Kánádà wá sí Èkó tún padà láti Èkó lọ sí Kánádà.

Iṣẹ́ wà fún wa níbẹ̀. Ìwé àdéhùn ti Èkó ní ọdún 1861, èyí tí ó parí ogun Kírìjì ní ọdún 1886, àti èyí tí àwọn Ẹ̀gbá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, gbogbo wọn ni a lè rí kà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń kà wọ́n. Àwa tí a ní èdè ni kò tí ì kà wọ́n tó. Àwa ni ó yẹ kí a bèèrè irú Yorùbá tí ògbufọ̀ lè sọ ní ìdojúkọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ibi tí “fi fún” àti “yọ̀ǹda” ti yàtọ̀ létí ọba àti létí aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí àwọn àgbà tí ó jókòó níbẹ̀ mú lọ sílé. Olùkọ́ lè gbé gbólóhùn kan péré síwájú kíláàsì rẹ̀, kí ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí wọ́n sì fi àwọn ìtumọ̀ náà wé ara wọn. Àwọn ọmọ náà yóò tètè rí i pé ibi tí ìtumọ̀ wọn ti yàtọ̀ síra ni ilẹ̀ lè gbà lọ.

Leschi, ìjòyè Nisqually tí àmì rẹ̀ wà lórí ìwé Medicine Creek, tí àwọn ènìyàn kan sì ń sọ títí di òní pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àmì náà, bá ìjọba jagun nítorí ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ọdún 1858. Ní ọdún 2004 ni ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ kan ní Washington tó jókòó, tí wọ́n sì sọ pé kò yẹ kí a dá a lẹ́bi. Ọdún 146 ni ó gbà kí a tó tún ìtàn rẹ̀ kà dáradára. Bí kíka ìwé bá lè pẹ́ tó báyìí, ó yẹ kí a tètè bẹ̀rẹ̀ tiwa.